Ọgbọ́n Ìṣirò Tó Wà Nínú rtl_fm

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ tí kò lè ṣí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́ta pọ̀ kó má dákú, òun náà lè gbọ́ ohùn àwọn tó ń gbé nínú ISS, ibùdó òfurufú àgbáyé. Ohun tí a nílò kò pọ̀: ọ̀pá USB kékeré kan, wáyà tó gùn tó 50 sẹ̀ǹtímítà tí yóò ṣe éríà, àti prógíráàmù kan tí kì í ya àwòrán kankan sójú kọ̀ǹpútà, rtl_fm. Prógíráàmù yìí ni mo fẹ́ tú wò, nítorí iṣẹ́ àgbà ọ̀jẹ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe ọ̀pá USB náà. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń jẹ́ RTL2832U, tí iléeṣẹ́ Realtek ní Taiwan ṣe, ló wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2012, Antti Palosaari, ọmọ Finland tó ń bá Linux kọ dírẹ́fà, ṣàkíyèsí pé bí ẹ̀rọ yìí bá ń gba rédíò FM, kì í ṣe ìṣirò tó ń yọ ohùn jáde fúnra rẹ̀. Ńṣe ló ń da nọ́ńbà tútù sínú kọ̀ǹpútà pé kó bá òun ṣe é. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Osmocom, tí Steve Markgraf wà lára wọn, kọ rtl-sdr láti fi lo àǹfààní yẹn. Bí ohun èlò tẹlifíṣọ̀n ṣe di rédíò nìyẹn. Ọ̀pá tó bá ní R820T, ẹ̀rọ tó ń yí ìkànnì, nínú ń gbọ́ láti nǹkan bí 24 MHz títí kọjá 1,700 MHz.

Ara àwọn irinṣẹ́ rtl-sdr ni rtl_fm wà, orúkọ Kyle Keen sì wà lára àwọn tó kọ ọ́. Ìlà kan ṣoṣo la fi ń pè é lórí Linux:

rtl_fm -f 145.8M -s 24k | aplay -t raw -r 24000 -f S16_LE

145.800 MHz ni ìkànnì tí ISS fi ń sọ̀rọ̀ sí àwọn onírédíò àfìfẹ́ṣe nílẹ̀. Tí ìlà yẹn bá ti ń ṣiṣẹ́, ìwọ̀n 1,008,000 ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nọ́ńbà méjì ló para pọ̀ di ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, I àti Q, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò sì kọjá 255. Tí a bá mú méjèèjì pọ̀, wọ́n ń tọ́ka sí ojú kan lára òbíríkítí. Bí ìgbì bá ṣe ń kọjá ni ojú yẹn ń yí.

Ìṣòro kan wà ńlẹ̀. Ọ̀pá náà ní ariwo tirẹ̀, àárín gbùngbùn ìkànnì tí a bá yí i sí sì ni ariwo yẹn máa ń jókòó sí. Ìdí nìyẹn tí rtl_fm kì í fi í yí i sí 145.800 gan-an. Ó máa ń fi 252 kHz ré e kọjá, kí ariwo wà lọ́tọ̀, kí ohùn wà lọ́tọ̀. Ó wá kù kó fa ohùn náà padà sí àárín. Bí ìwé ẹ̀kọ́ ṣe ní ká ṣe é, ìsọdipúpọ̀ mẹ́rin ni ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan yóò gbà, èyí tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kọ̀ǹpútà àgbà á máa mí hẹlẹ.

Ẹ wá wo ọgbọ́n tí wọ́n dá. 252 kHz yẹn kò ṣèèṣì: ìdá mẹ́rin 1,008,000 ni. Nítorí náà, láti ìwọ̀n kan bọ́ sí èkejì, ìdá mẹ́rin òbíríkítí géérégé ni rtl_fm ní láti yí ojú náà. Ẹni tó bá sì fẹ́ yí ojú kan ní ìdá mẹ́rin òbíríkítí kò nílò ìsọdipúpọ̀ rárá. Á gba àyè I fún Q, á gba àyè Q fún I, á sì sọ ọ̀kan nínú wọn dòdì. Sísọ ọ́ dòdì kò sì ju kí á yọ ọ́ kúrò nínú 255. Ìwọ̀n kìíní dúró bó ṣe wà. Ìkejì pààrọ̀ àyè. Ìkẹta dòdì ní méjèèjì. Ìkẹrin tún pààrọ̀ àyè. Ìkarùn-ún tún dúró bíi ti ìkíní. Bẹ́ẹ̀ ni mílíọ̀nù mẹ́rin ìsọdipúpọ̀ ṣe pòórá.

Lẹ́yìn èyí, 1,008,000 gbọ́dọ̀ di 24,000, kó tó ohun tí agbọ́hùnsókè lè lò. Àròpọ̀ lásán ni rtl_fm fi ṣe é: méjìlélógójì ni ó ń rò pọ̀ di ẹyọ kan. Ohùn tó ti wà ní àárín ń ga sí i. Ariwo tí a sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ńkọ́? Òun náà ti ń yí ní ìdá mẹ́rin-mẹ́rin báyìí, nítorí náà mẹ́rin tó bá tẹ̀ léra ń pa ara wọn rẹ́ pátápátá. Nínú méjìlélógójì, méjì péré ló ṣẹ́ kù. Ìpinnu tó gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ìsọdipúpọ̀ náà ló tún bá a gbá ariwo kúrò.

Asẹ́ tí àròpọ̀ yìí jẹ́ kò kúnná o. Bí ilé iṣẹ́ rédíò ńlá kan bá wà nítòsí, ohùn rẹ̀ lè jò wọlé. Àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi -F síbẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ asẹ́ tó dáa jù tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì lè gbé e.

Ohun tó kù ni igun ojú tó ń yí lára òbíríkítí náà, nítorí inú bí igun yẹn ṣe ń yí padà ni ohùn FM fara pamọ́ sí. Wíwá igun jẹ́ ìṣirò tó wúwo. Ọ̀nà mẹ́ta ni rtl_fm fi lélẹ̀ láti ṣe é: std, fast àti lut. Nínú fast, odindi nọ́ńbà nìkan ni wọ́n ń lò. Ìdajì òbíríkítí di 16,384, ìwọ̀n tó sì ti bá ààyè ohùn inú kọ̀ǹpútà mu. Igun tó bá jáde ni ohùn, kò sí pé a ń tún un dì.

Kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ rántí pé dírẹ́fà tẹlifíṣọ̀n Linux, dvb_usb_rtl28xxu, lè ti gba ọ̀pá náà mọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ yọ dírẹ́fà náà. ISS kì í pẹ́ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lókè ibi tí a wà. Eré tó ń sá lè sún ìkànnì rẹ̀ ní nǹkan bí 3.5 kHz sókè àti sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n 24 kHz gbà á láyè. Gbígbọ́ nìkan sì ni ọ̀pá yìí mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fèsì á gba ìwé àṣẹ àti àmì ìpè. 5N ni ti Nàìjíríà fi ń bẹ̀rẹ̀.

Àwòrán aláràbarà tí àwọn prógíráàmù rédíò bíi Gqrx àti SDR# ń yà dáa lójú, ṣùgbọ́n ó máa ń pa kọ̀ǹpútà àgbà lára. Nítorí náà, bí tiyín bá ń dákú, ẹ má tíì di ẹ̀bi ru ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí prógíráàmù ń gbé kà á lórí, kí ẹ sì bi í pé èwo nínú rẹ̀ ni àròpọ̀ àti àyọkúrò ì bá ti ṣe tán.