Ìjàpá, Yánníbo àti Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́: Àyẹ̀wò Lílo Àlọ́ nínú Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Àwùjọ

Ìfáárà

Àgbà tí ó ń pa àlọ́ fún ọmọdé mọ̀ pé ohun méjì ni òun ń ṣe pọ̀: ó ń dá wọn lára yá, ó sì ń fi bí ayé ṣe rí hàn wọ́n. Ohun kejì yìí ni àwọn olùkọ́ òde òní ń pè ní ìmọ̀ àwùjọ. Nínú iṣẹ́ náà ni ọmọ ti ń kọ́ nípa ẹbí, oúnjẹ, ọjà, òfin, ìjọba àti bí ẹnì kan ṣe ń bá ẹnì kejì gbé. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń fi àlọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ohun tí ó yẹ kí ó yani lẹ́nu ni bí àlọ́ náà ṣe máa ń tètè kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí ó bá ti parí báyìí, olùkọ́ a kọ ọ́ sí ojú pátákó pé, 'Ìtàn yìí kọ́ wa pé ọ̀kánjúwà kò dára.' Àwọn ọmọ a dà á kọ sínú ìwé wọn, agogo a dún, iṣẹ́ a parí. Àyẹ̀wò yìí fẹ́ fi hàn pé gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ni ó ń ba àlọ́ jẹ́, òun náà ni ó sì ń ba ìmọ̀ àwùjọ jẹ́.

Èdè Abínibí Nìkan Kò Tó

Ìmọ̀ àwùjọ kò tíì pẹ́ púpọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó dá dúró. Ní ọdún 1968 ni àwọn aṣojú láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà mélòó kan pàdé ní Mombasa ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà láti jíròrò lórí rẹ̀. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa wà lára àwọn tí ó ṣe aṣáájú ètò náà. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní iṣẹ́ wọn fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìmọ̀ àwùjọ sì wà lára iṣẹ́ wọ̀nyí. Olùkọ́ ọ̀tọ̀ ni ó ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lórí ètò yìí ní 1989 fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn lẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn rárá, àti nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ èdè abínibí ti di tìrẹ́-tìrẹ́. Ìlànà ẹ̀kọ́ ti ọdún 1977 gbà á láyè ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa lò ó fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ní 2025, ìjọba fagi lé ìlànà yẹn, ó sì dá Gẹ̀ẹ́sì padà sí ipò. Àwọn olùfẹ́ èdè Yorùbá ní ẹ̀tọ́ láti jà lórí èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí á kọ́ ọmọ ní Yorùbá, ọ̀tọ̀ ni kí ohun tí wọ́n kọ́ ọ yé e. Ọmọ tí ó ń ké e pé 'Ẹbí ni baba, ìyá àti àwọn ọmọ' lè máa ké e bí ayékòótọ́ ní Yorùbá gẹ́gẹ́ bí ó ṣe lè ké e ní Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí ó tilẹ̀ burú jù ni pé gbólóhùn náà kò bá ilé ọ̀pọ̀ wọn mu. Ọmọ tí ìyá ìyá rẹ̀ ń tọ́ nínú agbo ilé yóò dà á kọ, yóò gba máàkì, kò sì ní rí ara rẹ̀ nínú ohun tí ó kọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti kọ́ ohun kan ní ọjọ́ náà: pé ohun tí wọ́n ń sọ ní ilé-ẹ̀kọ́ kò kan ilé.

Àlọ́ Yánníbo: Ta Ni Ìtàn Gbàgbé?

Ẹ jẹ́ kí á wo àlọ́ kan tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ rí. Yánníbo, aya Ìjàpá, ń wá ọmọ. Ìjàpá tọ babaláwo lọ. Babaláwo se àsèjẹ fún un pé kí ó gbé e fún aya rẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún un kí ó má ṣe tọ́ ọ wò. Òórùn ọbẹ̀ kò jẹ́ kí Ìjàpá gbádùn. Ó jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà, ikùn rẹ̀ sì wú. Ó sáré padà sọ́dọ̀ babaláwo, ó ń kọrin ẹ̀bẹ̀, ó ń purọ́ nínú orin náà pé gbòǹgbò ni ó gbé òun ṣubú tí ọwọ́ òun fi kan ọbẹ̀, tí òun sì fi kan ẹnu.

Ẹ̀kọ́ tí gbogbo ìwé máa ń fà yọ ni pé ọ̀kánjúwà kò dára, àti pé ó yẹ kí ènìyàn máa gbọ́ ìkìlọ̀. Irọ́ kọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Ìjàpá nìkan ni ẹ̀kọ́ méjèèjì wà. Níbo ni Yánníbo wà? Òun ni ó ń sunkún ọmọ. Tirẹ̀ ni àsèjẹ. Òun ni ó jókòó sílé tí ó ń retí. Nígbà tí ìtàn bá fi parí, gbogbo ojú ti wà lára ikùn Ìjàpá, ẹni tí wọ́n fi ohun rẹ̀ ṣòfò kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan í sọ. Bí olùkọ́ bá dákẹ́ díẹ̀ ní ibi tí ó ti máa ń sọ ẹ̀kọ́ ìtàn, tí ó sì béèrè pé, 'Kí ni Ìjàpá yóò sọ fún Yánníbo nígbà tí ó bá délé?', iṣẹ́ ìmọ̀ àwùjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ọmọ kan yóò ní kí ó jẹ́wọ́. Òmíràn yóò bi í pé kí ló dé tí Yánníbo kò fi bá a lọ. Ẹlòmíràn yóò ní babaláwo náà jẹ̀bi, nítorí ó mọ ìwà Ìjàpá kí ó tó fi ọbẹ̀ rán an. Nínú ìdáhùn mẹ́ta yìí ni ẹ̀kọ́ lórí tọkọtaya, lórí ojúṣe oníṣègùn àti lórí ìgbẹ́kẹ̀lé wà, kò sì sí ọ̀kankan tí olùkọ́ kọ sí ojú pátákó fún wọn.

Àlọ́ Ajá àti Ìjàpá: Ta Ni Ó Jẹ̀bi?

Àlọ́ kejì tún ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa ń fà yọ nínú rẹ̀ léwu. Ìyàn mú. Ajá àti Ìjàpá lọ jí iṣu wà nínú oko olóko. Ajá wa ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ ká, ó sá lọ. Ìjàpá di ẹrù tí ó ju tirẹ̀ lọ, olóko sì mú un. Nígbà tí ó dé iwájú ọba, ó dárúkọ Ajá. Ajá ki ẹyin bọ ẹnu, ó ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ kò dá. Ẹyin fọ́, wọ́n rò pé èébì ni, wọ́n sì gbà pé aláìsàn kò lè lọ sí oko olè. Ìjàpá nìkan ni ó jìyà.

Bí olùkọ́ bá ní ìtàn yìí kọ́ni pé kí á má ṣe ní ojúkòkòrò, kí ni ọmọ tí ó ní làákàyè yóò gbọ́? Yóò gbọ́ pé kí olè máa jí ìwọ̀nba. Olè méjì ni ó lọ sí oko. Èyí tí ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ ni ó sùn sílé. Ìtàn náà kò fi èyí pamọ́. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ ni ó ń bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kí olùkọ́ sọ kíláàsì di ààfin: kí ọmọ kan ṣe ọba, kí àwọn mìíràn ṣe olóko, Ajá àti Ìjàpá. Kí wọ́n wádìí bóyá ẹ̀rí ẹyin tó láti dá Ajá sílẹ̀. Kí wọ́n jiyàn lórí bóyá ìyàn dín ẹ̀bi olè kù. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n bi àwọn òbí wọn nílé pé ta ni ń parí ìjà oko ní àdúgbò wọn, baálé ni, ọba ni, tàbí kọ́ọ̀tù. Ọmọ tí ó bá ṣe èyí yóò mọ ohun tí ìdájọ́ jẹ́ ju ọmọ tí ó kọ́ ìtumọ̀ òfin sórí lọ.

Àwíjàre Àwọn Olùkọ́

Àwọn kan yóò ní ọmọdé kò lè ronú tó báyìí. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ọmọdé ni wọ́n ń já àlọ́ àpamọ̀ ní ojú òṣùpá, àlọ́ àpamọ̀ kò sì jẹ́ nǹkan kan bí kò ṣe ìrònú. Nínú àlọ́ àpagbè náà, àwọn ọmọ kì í jókòó lásán: àwọn ni elégbè. Olùkọ́ tí ó bá fo orin, tí ó sì fi ẹ̀kọ́ dípò rẹ̀, ti gba ẹnu ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní kíláàsì kún jù, ìdánwò sì ń bọ̀. Ẹjọ́ wọn wúwo. Ìdánwò tí ó ń sọ pé 'Kọ ẹ̀kọ́ márùn-ún tí ìtàn yìí kọ́ni' ni ó ń lé olùkọ́ sáré. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti jiyàn lórí Yánníbo yóò rí ẹ̀kọ́ márùn-ún kọ, yóò sì lè sọ ìdí wọn. Ẹni tí ó kọ́ wọn sórí kò ní rí ẹ̀kẹfà bí wọ́n bá yí ìbéèrè padà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra fún ìdánwò lítíréṣọ̀ pàápàá kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí: kókó ọ̀rọ̀ ìtàn kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú gbólóhùn tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Àtúnṣe náà kò náni ní owó. Ìbéèrè kan ni kí ó ṣáájú, kí ẹ̀kọ́ tẹ̀lé e, kí ó sì ti ẹnu àwọn ọmọ jáde.

Àgbálọgbábọ̀

Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọgbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ tí ó ń túmọ̀ ìlù kí ọmọ tó gbọ́ ọ ń ní kí wọ́n má jó. Èdè Yorùbá ṣe pàtàkì nínú ẹ̀kọ́ ọmọ Yorùbá, ìjà tí wọ́n ń jà lórí rẹ̀ kì í ṣe ìjà asán. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣẹ́gun lọ́la, tí ìwé ìmọ̀ àwùjọ sì di Yorùbá láti páálí dé páálí, ọmọ yóò ṣì máa ké bí ayékòótọ́ níwọ̀n ìgbà tí kò bá sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, 'Kí ni ìwọ rò?' Yánníbo ṣì jókòó sílé, ó ń retí àsèjẹ. Ọmọ tí ó bá béèrè rẹ̀ ni ìmọ̀ àwùjọ yé.