Ta Ni Àjèjì Nínú Ìtàn Olókùn Ẹṣin?

Nínú Ọba Wàjà, eré tí Dúró Ládiípọ̀ gbé jáde ní 1964, oníṣòwò ni ọmọ Olókùn Ẹṣin, Gáná ló sì ti ń ṣòwò rẹ̀. Wole Soyinka mú ìtàn Ọ̀yọ́ yìí kan náà, ti Olókùn Ẹṣin tó gbọ́dọ̀ kú tẹ̀ lé ọba rẹ̀, ó pààrọ̀ iṣẹ́ ọmọ náà. Nínú Death and the King's Horseman (1975), tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá túmọ̀ sí Ikú Olókùn-Ẹṣin, ìmọ̀ ìṣègùn ni Olúńdé lọ kọ́ ní Ìlú Ọba. Bí oníṣòwò bá ti Gáná dé, ta ni yóò bi í bóyá ó ṣì jẹ́ ọmọ ilé? Ti Olúńdé yàtọ̀: Pilkings, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, ló bá a wá ọ̀nà lọ, bàbá rẹ̀ kò sì fẹ́.

Àwọn ìwé tó ṣáájú ti kọ́ wa ní ohun tí à ń retí. Obi nínú No Longer at Ease tí Chinua Achebe kọ (1960), àti Samba Diallo tí Cheikh Hamidou Kane dá sílẹ̀ ní 1961, kò rí ibi fìdí kalẹ̀ nílé, wọn kò rí i lẹ́yìn odi. Olúńdé gbé súùtù dé, a sì ń retí kó máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́. Kò ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ rárá. Ó ti tọ́jú àwọn tí ogun ṣe léṣe lọ́hùn-ún, ó ti rí bí àwọn òyìnbó ṣe ń pa ara wọn, wọn kò sì lè fi ikú bàbá rẹ̀ dẹ́rù bà á mọ́.

Bí a bá ń wá àjèjì, Sájẹ́ǹtì Àmúsá ni kí a wò. Mùsùlùmí ni, ọlọ́pàá ìjọba sì ni. Ó fẹ́ jíṣẹ́ fún Pilkings ọ̀gá rẹ̀, ó bá ọ̀gá náà àti ìyàwó rẹ̀ nínú ẹ̀kú eégún tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ síbi ijó. Ẹnu Àmúsá wọhò. Báwo ni yóò ṣe sọ ọ̀rọ̀ ikú fún ẹni tó gbé aṣọ ará ọ̀run wọ̀? Ó ya Pilkings lẹ́nu pé Mùsùlùmí ń bẹ̀rù eégún. Bí Àmúsá bá dé ọjà, àwọn obìnrin a sọ ọ́ di ẹni yẹ̀yẹ́, àwọn ọmọge a máa sín òyìnbó jẹ níwájú rẹ̀. Èmi kì í lè rẹ́rìn-ín níbẹ̀ bí òǹkọ̀wé ṣe fẹ́. Kò sí ẹni tó jọ wá tó Àmúsá nínú eré náà: ó ti kúrò níbì kan, kò tíì dé ibì kankan.

Ẹlẹ́ṣin fúnra rẹ̀, bàbá Olúńdé, ńkọ́? Kò kúrò nílùú rí. Oríkì ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí òjò, síbẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kó tẹ̀ lé ọba rẹ̀, ìyàwó tuntun ló ń wá lọ́jà. Nígbà tó wà ní àtìmọ́lé Pilkings, ó jẹ́wọ́ pé òun tilẹ̀ rò ó wò bóyá àwọn òrìṣà lọ́wọ́ nínú bí àjèjì ṣe dá òun dúró. Ọ̀rọ̀ yẹn burú ju ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Abájọ tí Soyinka fi kìlọ̀ níbẹ̀rẹ̀ ìwé pé kí a má ka eré náà sí ìjà àṣà méjì. Ajẹ́lẹ̀ kàn ṣí ohun tó ti jẹrà sílẹ̀ ni.

Ẹjọ́ mi pẹ̀lú Soyinka kò ju ọ̀kan lọ. Ìdánilójú Olúńdé ti dán jù. Ẹ̀yìn ìtàgé ló kú sí dípò bàbá rẹ̀, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wọlé, a kò sì rí ìṣẹ́jú kan tó fi ṣiyèméjì. Ẹni tí Soyinka rán lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a gbọ́ ohun tí ìrìn náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.