Oríkèé Rọ́kẹ́ẹ̀tì

Nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá gbéra nílẹ̀, iná àti ariwo rẹ̀ ló máa ń gba àfiyèsí àwọn èèyàn. Ní tèmi, oríkèé rẹ̀ ni mo máa ń rò: ibi tí ìyẹ́ ti lẹ̀ mọ́ ara, ibi tí òrùka pákó ti di ẹ́ńjìnnì mú, ibi tí okùn párásúùtì ti kọ́ mọ́ irin. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í tilẹ̀ dúró de ìrì. Ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó láti fi hàn bóyá itọ́ la fi mọ ọ́n. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà lára rọ́kẹ́ẹ̀tì kíkọ́, yíyan gọ́ọ̀mù àti bọ́ọ̀tù ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ibẹ̀ ni làákàyè ẹni tó kọ́ ọ ti ń hàn.

Texas ni mo ń gbé, mo sì wà lára àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì alágbára ní Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ méjì ló ń rí sí ìwé-ẹ̀rí wa: National Association of Rocketry, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957, àti Tripoli Rocketry Association. Lẹ́tà la fi ń pe agbára ẹ́ńjìnnì, òkè agbára lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po méjì ti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Orí H, tí agbára rẹ̀ ju 160 Newton-second lọ, la ti ń bọ́ sí ipò alágbára. Ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́ wà fún H àti I, ìkejì fún J, K àti L, ìkẹta fún M lọ sókè. Òfin ààbò wa sọ pé ohun tó fúyẹ́ ni kí a fi kọ́ ọ: pépà, igi, rọ́bà, ike, fiberglass, bó bá sì di dandan, irin tó máa ń tẹ̀ kó tó kán. Nítorí náà, a ò lè jó irin mọ́ irin kí ọkàn wa balẹ̀. Gọ́ọ̀mù ló ń gbé ẹrù tó pọ̀ jù.

Kí n tó ṣí ìgò gọ́ọ̀mù kankan, mo máa ń tọ ọ̀nà tí agbára yóò gbà. Bí ẹ́ńjìnnì bá tanná, á ti páìpù tí a fi í sí sókè; páìpù á ti àwọn òrùka plywood; òrùka á ti ara rọ́kẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí párásúùtì bá ṣí, agbára á yí padà: párásúùtì á fa okùn, okùn á fa bọ́ọ̀tù, bọ́ọ̀tù á fa plywood, plywood á fa gọ́ọ̀mù tó dì í mú. Ọ̀kan ń tì, èkejì ń fà: ìjá ni mo ń pè é. Ìjá yìí ló burú jù, nítorí òjijì ló ń dé. Oríkèé kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń bi ní ìbéèrè mẹ́ta: kí lo máa gbé, apá ibo ni yóò ti wá, báwo ni ooru ibẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó? Ìdáhùn ìbéèrè wọ̀nyí ló ń yan gọ́ọ̀mù fún mi.

Bó bá jẹ́ páálí àti igi, gọ́ọ̀mù káfíńtà aláwọ̀ ìyeyè, bíi Titebond, ti tó. Ó máa ń wọ inú pépà àti igi lọ. Tó bá gbẹ tán tí ẹ fà á, pépà fúnra rẹ̀ ló máa ya, gọ́ọ̀mù á ṣì wà níbẹ̀. Kí ni a tún ń wá jùyẹn lọ? Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ mọ. Bí ẹ bá ń ti páìpù páálí kan bọ inú òmíràn, ó lè dì lójijì kí ó há sí àárín ọ̀nà. Bí omi ara rẹ̀ bá sì gbẹ, ó máa ń sún kì, nítorí náà kò lè dí àlàfo. Fiberglass kì í mu omi, gọ́ọ̀mù yìí ò sì lè rí ibi wọ̀ lára rẹ̀.

Ibẹ̀ ni epoxy ti ń gba iṣẹ́. Apá méjì ló ní, resin àti hardener. Kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ. Àwọn méjèèjì ló ń para pọ̀ di ohun tuntun. Ẹni tó bá ti rí panel beater tó ń po fílà tí wọ́n fi ń dí ara ọkọ̀ ní Nàìjíríà mọ̀ pé bí hardener bá lé díẹ̀, fílà á tètè le. Epoxy ò gba irú ìyẹn. Fún West System 105 pẹ̀lú hardener 205, ìwọ̀n resin márùn-ún sí hardener kan ni. Ẹni tó bá yí i padà máa ní gọ́ọ̀mù tí kò ní le dáadáa láéláé. Èyí tó ń le ní ìṣẹ́jú márùn-ún wúlò láti fi di ìyẹ́ mú kó dúró ṣánṣán, ṣùgbọ́n èyí tó ń lọ́ra ni mo máa ń fi ẹrù lé lọ́wọ́. Ó máa ń ráyè wọ ojú iṣẹ́, ó sì máa ń lágbára jù. Tí mo bá pò ó tán, mo máa ń tẹ́ ẹ sínú àwo pẹrẹsẹ, nítorí tó bá kóra jọ sínú ife, ooru ara rẹ̀ á mú un le kí n tó lò ó tán.

Ìyẹ́ ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń ṣe iṣẹ́ tí ìyẹ́ ń ṣe ní ìdí ọfà. Mo máa ń gé e kí apá kan rẹ̀ gba inú ara rọ́kẹ́ẹ̀tì kọjá, kó lọ fara ti páìpù ẹ́ńjìnnì. Màá lẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ òrùka níwájú àti lẹ́yìn, kí n tó fi epoxy tí mo po ìyẹ̀fun 406 ti West System mọ́ tẹ́ igun ìta rẹ̀. Ibí yìí ni ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ti ń sọ̀rọ̀. Ibi tí ìwúwo rọ́kẹ́ẹ̀tì ti dọ́gba gbọ́dọ̀ wà níwájú ibi tí ipá atẹ́gùn ti dọ́gba, kí àlàfo àárín wọn má sì dín sí ìbú ara rọ́kẹ́ẹ̀tì. Gbogbo epoxy tí a bá kó jọ sí ìdí láìnídìí ń fa ìwúwo yẹn sẹ́yìn. Ẹni tó ń fi gọ́ọ̀mù ṣe ọlá ń sọ rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ di aláìdúróṣinṣin.

Ẹ má gbàgbé ooru. Ọ̀pọ̀ epoxy tó le nínú ilé lásán máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí ooru bá ti ń sún mọ́ 60 lórí ìwọ̀n Celsius. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn Texas, inú ọkọ̀ tí a tì pa sínú oòrùn lè dé ibẹ̀. Fún òrùka aluminium tó ń di ẹ́ńjìnnì mú ní ìdí, J-B Weld ni mo máa ń lò. Àwọn tó ń ṣe é ní ó lè fara da ooru 550 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, ìyẹn bíi 288 lórí ti Celsius.

Síbẹ̀, kò sí gọ́ọ̀mù tó lè gba ẹni tí kò fọ ojú iṣẹ́ là. Fiberglass máa ń dán láti ilé iṣẹ́ wá, gọ́ọ̀mù kì í sì í di ohun tó ń dán mú. Mo máa ń fi sáńpépà 80 ha á títí dídán rẹ̀ á fi kúrò, màá fi ọtí tí wọ́n fi ń nu ojú egbò nù ún, mi ò sì ní fọwọ́ lásán kàn án mọ́. Ìbọ̀wọ́ ṣe pàtàkì, nítorí epoxy lè mú kí ara ẹni kọ̀ ọ́ títí ayé. Ìbomú náà ṣe pàtàkì, kí eruku fiberglass má bàa wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Ó ku irin. Oríṣi méjì ni bọ́ọ̀tù olójú tó wà lọ́jà: èyí tí wọ́n kàn tẹ̀ kó rí roboto, tí ẹnu rẹ̀ ò pàdé, àti èyí tí wọ́n rọ ní odindi. Bí párásúùtì bá fà á lójijì, ti àkọ́kọ́ lè la ẹnu. Èyí tí wọ́n rọ ni mo máa ń rà, tàbí kí n lo U-bolt, tó ń pín ẹrù sí ojú méjì lára plywood. Wọ́ṣà tó fẹ̀ máa ń wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tó ní náílọ́ọ̀nù nínú, tí gbígbọ̀n kò lè tú. Ní ti okùn, Kevlar kì í bẹ̀rù iná ẹ̀tù tó ń ti párásúùtì jáde, ṣùgbọ́n kì í nà. Náílọ́ọ̀nù ń nà, ó sì ń mú kí ìjá rọ̀, àmọ́ iná ń jó o. Kevlar ni mo máa ń fi sí ìdí ẹ̀tù, náílọ́ọ̀nù á sì tẹ̀ lé e. Ibì kan sì wà tí ohun aláìlágbára ti yẹ jù: síkúrù náílọ́ọ̀nù kékeré 2-56 tó ń so ṣóńṣó orí mọ́ ara. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó dì í mú nígbà tó ń lọ sókè, kó sì kán nígbà tí ẹ̀tù bá sọ.

Kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gun irin ìgbéra, alábòójútó ààbò á yẹ̀ ẹ́ wò. Á mi ìyẹ́, á fa okùn, á bèèrè ohun tí a fi lẹ̀ ẹ́. Inú mi máa ń dùn sí ìbéèrè yẹn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá wá sílẹ̀ láìsí párásúùtì lè pa èèyàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọkàn yín fà sí iṣẹ́ yìí, ẹ fi rọ́kẹ́ẹ̀tì páálí tó gba ẹ́ńjìnnì H bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù káfíńtà àti epoxy tó ń lọ́ra. Ẹ ya ọ̀nà agbára sórí pépà kí ẹ tó lẹ nǹkan kan. Ẹ má wá gọ́ọ̀mù tó lágbára jù lọ́jà. Èyí tó bá ohun tí ẹ ń so mu ni kí ẹ rà, kí ẹ sì ha ojú iṣẹ́ yín dáadáa.