Irun Àrán àti Ọwọ́ Ọ̀gá

Nínú gbogbo ohun tí ìdílé ń kó bí wọ́n bá ń lọ sí ilé mìíràn, àga onítìmùtìmù, èyíinì ni àga tí a fi fóòmù kún inú rẹ̀ tí a sì fi aṣọ tàbí awọ bò, ni ó máa ń tú àṣírí ẹni tó gbé e jù lọ, nítorí pé àga tí a kò dì dáadáa yóò wà ní pálọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú àpá lára.

Ọ̀gá àgbà kan wà ní Mókọ́lá, ní Ìbàdàn, tí àwọn tó kọ́ iṣẹ́ ẹrù kíkó lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í di àga tí a fi àrán bò láì rántí rẹ̀. Kì í ṣe bí ó ṣe ń yí àga gba ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀, bí kò ṣe pé kí okùn tó jáde rárá, yóò ti fi àtẹ́lẹwọ́ ra ara àga láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Àrán ní irun kéékèèké tó dùbúlẹ̀ sí apá kan. Bí ọwọ́ bá bá a lọ, aṣọ á máa dán. Bí ọwọ́ bá lòdì sí i, àwọ̀ á ṣókùnkùn. Irun yìí sábà máa ń dorí kọ ilẹ̀ níbi ìfẹ̀yìntì, tí ó sì máa ń dorí kọ iwájú níbi ìjókòó. Ọ̀nà yìí gan-an ni aṣọ ìdì, tí ó yẹ kó jẹ́ òwú tó ti rọ̀, gbọ́dọ̀ tọ̀, nítorí pé lọ́rì tó ń gbọ̀n láti Ìbàdàn dé Èkó yóò máa fi í ra àga ní gbogbo ojú ọ̀nà, bí ó bá sì lòdì sí irun, irun á tẹ̀. Ooru omi gbígbóná lè gbé irun tó tẹ̀ dìde, ṣùgbọ́n ojú tó mọ àrán á ṣì rí ibẹ̀. Ọ̀gá náà kì í fa aṣọ ìdì le, kì í sì í jẹ́ kí okùn gba orí tìmùtìmù. Ara igi ìsàlẹ̀ ni ó ń so ó mọ́. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá gbé àpótí lé ibi ìjókòó, ọ̀gá fúnra rẹ̀ á gbé e sọ̀kalẹ̀ láì sọ̀rọ̀, ìtìjú yẹn sì ti tó ẹ̀kọ́.

Lóde òní, ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń lẹ̀ mọ́ra ni wọ́n ń yí mọ́ àga láìsí aṣọ lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ó yá, kò sì wọ́n. Ìwà ọ̀lẹ gbáà ni. Ọ̀rá kì í jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, nítorí náà ọ̀rinrin ìgbà òjò á há sínú fóòmù, àga á bu, á sì máa rùn. Lára awọ, oòrùn lè mú kí ọ̀rá lẹ̀ mọ́ ọn. Òde aṣọ ìdì ni ipò ọ̀rá, láti gba òjò, kí a sì fi abẹ́ àga sílẹ̀ kó lè mí. Lọ́jọ́ tí ẹrù bá dé náà ni a gbọ́dọ̀ tú ọ̀rá àti aṣọ ìdì, kí a tó ronú nípa ibi tí àga yóò wà.