Etí Èèyàn Ni Wọ́n Fi Ṣe Òṣùwọ̀n

Nígbà tí bàálù jẹ́ẹ̀tì Boeing 707 fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ná New York ní 1958, àwọn aláṣẹ pápákọ̀ òfuurufú ìlú náà ní láti mọ bí wọn yóò ṣe wọn ariwo rẹ̀. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ariwo ti wà nígbà náà, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ kò bá ti etí mu. Iye kan náà lè jáde fún jẹ́ẹ̀tì àti bàálù alábẹ̀bẹ̀, síbẹ̀ ti jẹ́ẹ̀tì ni yóò han gooro mọ́ni létí.

Karl Kryter, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ Leo Beranek, ní kí àwọn èèyàn gbọ́ oríṣiríṣi ariwo, kí wọ́n sì sọ èyí tó ni wọ́n lára jù. Ìdájọ́ wọn ló fi ṣe òṣùwọ̀n tuntun. Òṣùwọ̀n yìí ni New York fi pààlà: ariwo tó ń dé ọ̀dọ̀ aráàdúgbò nígbà tí jẹ́ẹ̀tì bá gbéra kò gbọdọ̀ kọjá 112.

Ní 1969, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé òfin Part 36 jáde fún ìdánwò ariwo bàálù, orí irú òṣùwọ̀n Kryter yìí ni wọ́n sì gbé e kà. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fara balẹ̀ ṣe é. Bó ṣe wà lónìí, ibi mẹ́ta ni wọ́n ti ń wọn jẹ́ẹ̀tì ńlá: 6,500 mítà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ eré ìgbéra, 450 mítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà rẹ̀, àti 2,000 mítà síbi tí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ agbohùn ga tó mítà 1.2 nílẹ̀. Ní ìdajì ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, wọ́n ń pín ìró náà sí ọ̀nà 24, láti orí èyí tó ń dún kìjikìji títí dórí èyí tó ń hó ṣoo. Bí ìró kan bá dá yọ láàárín wọn bíi fèrè, wọ́n á bu iye lé e, nítorí irú rẹ̀ ló ń dààmú etí jù. Bí ariwo náà bá pẹ́ kó tó kọjá, ìyẹn náà ń wọ ìṣirò. Wọ́n tún ń tún èsì ṣe sí bí ì bá ti rí ní ìwọ̀n ooru 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ojú ọjọ́ má baà ṣègbè fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ ọlọ́pọlọ nìyí. Ọ̀pọ̀ ihò tí ayédèrú lè gbà wọlé ni wọ́n ti wá kàn, tí wọ́n sì dí.

Ní 1971, ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìrìnnà ọkọ̀ òfuurufú, gba irú ìlànà yìí fún gbogbo àgbáyé, débi pé àwọn jẹ́ẹ̀tì ńlá tó ń balẹ̀ ní Ìkẹjà lónìí náà ti là á kọjá. Òfin tó bá fẹ́ ṣọ́ aráàlú, ohun tó ń ni aráàlú lára ni kó kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n.