Ojú Tó Rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Lórí Fóònù, Kí Ló Rí?

Àwọn àgbà wa ní, ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti rí òpin ìran. Láti ọdún 2016 tí Facebook ti fún gbogbo ènìyàn láyè láti máa fi fóònù ṣe àfihàn lójú ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètò ayẹyẹ ní ilẹ̀ wa gbà pé eré kò tíì pé bí kò bá sí ẹni tó ń gbé e lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ ayàwòrán ti di ara eré náà. Nítorí náà, ó tọ́ kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti ń yẹ iṣẹ́ oníjó, onílù àti agbẹ́gilére wò. Ìbéèrè mi kò ju ọ̀kan lọ: ẹni tó wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lórí fóònù, ṣé òpin ìran náà ló rí?

Kí a tó dárúkọ àléébù, ẹ jẹ́ kí a fi iyì fún ohun tó dára. Ọmọ Kétu tó wà ní Libreville, Abidjan tàbí Paris, tí kò rí owó ọkọ̀ san, lè gbọ́ ohùn ìlú rẹ̀ lọ́jọ́ ayẹyẹ. Àwọn ìgbìmọ̀ ń pe ìpàdé lórí WhatsApp, wọ́n ń gba owó ìdáwó lórí fóònù, àkọsílẹ̀ ẹni tó san sì wà níbẹ̀ láìsí àríyànjiyàn. Ní ọdún 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún iyebíye. Ní ọdún 2008 ó wọ inú àkójọ ogún àjùmọ̀ní ọmọ ènìyàn, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò lápapọ̀. Ó dára nígbà náà bí ará Atakpamé, ará Ṣábẹ̀ẹ́ àti ará Ìmẹ̀kọ bá lè jọ wo eré kan náà láìdúró ní ibodè.

Àléébù àkọ́kọ́ wà lára àwòrán. Ayàwòrán sábà máa ń tẹjú mọ́ ère tó wà lórí oníjó, nítorí pé ère náà ló ní ọ̀dà, òun ló ní ejò àti ẹyẹ tó ń fa ojú. Ṣùgbọ́n ìyá ìlù ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ oníjó ń dá a lóhùn, irin tó so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń jẹ́rìí sí i. Bí ìlù bá parí gbólóhùn rẹ̀, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ parí pẹ̀lú rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tó mọ eré í wò ti ń mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọṣẹ́. Nígbà tí àwòrán bá gé oníjó ní orúnkún, ó ti gé ọ̀rọ̀ mọ́ ìlù lẹ́nu. Oníjó tún sábà máa ń jáde ní méjì-méjì pẹ̀lú ère tó jọra, kí a lè rí bí wọ́n ti ń jó bí ẹni kan. Fóònù tí a gbé dúró lóòró kò láyè fún àwọn méjèèjì.

Bí nẹ́tíwọ̀kì bá tún rẹ̀wẹ̀sì, ohun tó ń yára jù ni ó kọ́kọ́ máa ń dàrú nínú àwòrán. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹsẹ̀ ni èyí. Gbohùngbohùn inú fóònù náà, tí wọ́n ṣe fún ọ̀rọ̀ ẹnu, kò lè gba ohùn ìlù bó ti tọ́. Gbogbo ìlù á di ariwo kan ṣoṣo. Ohun tó kù fún ẹni tó wà lókèèrè ni ère tó ń mì lórí aṣọ aláràbarà.

Àléébù kejì wúwo jù ú lọ, torí pé ó kan Ẹ̀fẹ̀. Òru ni Ẹ̀fẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ni òpó rẹ̀. Akọrin á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá, á gbàdúrà fún ìlú, lẹ́yìn náà á bọ́ sórí ìbáwí: ẹni tó kó owó ẹgbẹ́ jẹ, ọkọ tó pa aya tì, olóyè tó gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bínú, nítorí pé ọba kì í pa ọ̀kọrin. Ṣùgbọ́n ààbò yìí ní ààlà. Ti òru yẹn ni, ti agbo yẹn ni, láàárín àwọn tó mọ ẹni tí a ń bá wí, tí wọn yóò sì jọ kí ara wọn kú àárọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹni náà lè rẹ́rìn-ín, ó lè tọrọ àforíjì, àwọn àgbà sì lè parí rẹ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ rẹ̀ á dé ibi tí ẹnìkan kò ti mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tán ní ìdájí á sì wà nílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Ewu rẹ̀ kò mọ sọ́dọ̀ ẹni tí a bá wí. Òfin tí ìjọba Benin fọwọ́ sí ní 20 oṣù kẹrin ọdún 2018 lórí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ní ìjìyà fún ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ orí ẹ̀rọ dààmú ẹlòmíràn. Adájọ́ kì í jókòó sí agbo Ẹ̀fẹ̀. Fídíò ni yóò wò. Akọrin tó bá mọ èyí á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹnu rẹ̀, á fi ìbáwí sílẹ̀, á máa ki olówó. A ó wá ní àwòrán tó dán, ṣùgbọ́n Ẹ̀fẹ̀ tó ń tún ìlú ṣe á ti lọ.

Àwọn kan á ní bí a kò bá ya á, orin á sọnù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n yíyà sílẹ̀ yàtọ̀ sí àfihàn lójú ẹsẹ̀. A lè ya gbogbo òru Ẹ̀fẹ̀, kí ó wà lọ́wọ́ àwọn tó ni eré, kí àwọn ìyá àti àwọn àgbà pinnu lẹ́yìn náà èyí tó lè jáde.

Ẹ tún jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ẹni tí àfihàn náà wà fún. Lọ́dún 2018, ìjọba Benin gbé owó orí fáráńkì 5 lé mégabyte kọ̀ọ̀kan lórí Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Ariwo àwọn ará ìlú ló mú kí wọ́n fagi lé e nínú oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Owó orí ti lọ, ṣùgbọ́n fídíò ṣì ń jẹ owó, ìyá àgbà tó ń ṣàìsàn nílé kò sì ní owó wákàtí mẹ́ta. Ká gbé ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n kan sí ọgbà ilé ìpàdé fún irú wọn wúlò ju kíka iye àwọn tó tẹ àmì ìfẹ́ lọ.

Ìdájọ́ mi nìyí. Àfihàn Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọ̀sán yẹ kí ó máa tẹ̀ síwájú, pẹ̀lú ẹ̀rọ kan fún agbo àti èkejì fún ẹsẹ̀, pẹ̀lú gbohùngbohùn tirẹ̀ fún ìyá ìlù, àti ẹni tó lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìlù ní èdè Yorùbá àti Faransé. Kí ti òru dúró de àṣẹ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí iṣẹ́ yìí sábà máa ń já lé lọ́wọ́, kí ẹ tó gbé fóònù sókè ní agbo, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí àwọn àgbà ń wò.