Dúró Ládípọ̀: Ohùn Kan, Ọ̀nà Púpọ̀

Bí bàtá bá ń dún ní Àgbéni, tí ìró rẹ̀ gba Ọjà'ba gòkè lọ sí Mápó, àgbàlagbà ọmọ Ìbàdàn kò ní ṣàìrántí Dúró Ládípọ̀, òṣèré orí ìtàgé. Orin ìjọ ló fi bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo. Ó gbé dùndún wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan sì fajú ro. Eré orí ìtàgé ló jèrè ìbínú wọn: ní 1962 ó gbé eré Ọba Mọ́rọ̀ jáde ní Mbari Mbayo, ilé àṣà kan ní Òṣogbo; lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ọba Kò So dé.

Nínú Ọba Kò So, ẹ wò ó bó ṣe di Ṣàngó: irun dídì, aṣọ pupa. Ohùn rẹ̀ á kọ́kọ́ rọlẹ̀ bí ẹni ń tu aya nínú. Bí bàtá bá ti yí ọwọ́ padà, á bú jáde bí àrá. Oríkì, ọfọ̀, orin, ijó: o ò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Abíọ́dún aya rẹ̀ ni Ọya. Berlin gbọ́ ohùn náà ní 1964, Lọ́ńdọ̀nù ní 1965; wọn ò gbédè, àmọ́ ara wọn gbọ́ ìlù.

Ó papòdà ní 1978. Ohùn náà kò bá a lọ.